Oògùn Èèwọ̀ Lè Gba Inú Oúnjẹ Wọ Ara Ẹṣin

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ló kan nọ́ọ̀sì kan ọ̀rọ̀ ẹṣin?" Ó kàn mí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹṣin eré ìje lókè òkun kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń rí níbi tí a ti ń pín oògùn. Oògùn kì í béèrè bóyá a mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì kí ó tó ṣiṣẹ́.

Òfin wọn ni pé ẹṣin tí oògùn èèwọ̀ wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ sá eré ìje. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, oògùn lè mú kí ẹṣin kan rẹ́ èkejì jẹ. Èkejì, ó lè pa ìrora ẹsẹ̀ tí ó ń dun ẹṣin, kí ó máa fi egungun tí ó fẹ́ kán sáré, kí òun àti ẹni tí ó gùn ún sì jọ ṣubú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ òde òní lè rí ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan. Bí wọ́n bá rí èèwọ̀ níbẹ̀, wọn a gba ipò lọ́wọ́ ẹṣin náà, ìbáà jẹ́ pé olówó rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó ti kan ààfin ọba rí. Ní ọdún 2013, Estimate, abo ẹṣin Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, gba ife Gold Cup ní Ascot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2014 ó tún sá eré náà, ó ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n wọ́n bá mọ́fíìnì lára rẹ̀, ipò náà sì bọ́. Kò sí ẹni tí ó gún un lábẹ́rẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó gbé e wọlé. Ewéko tí à ń pè ní pọ́pì ni mọ́fíìnì ti ń wá, òun náà ni a fi ń pa ìrora ńlá ní ọsibítù.

Ní oṣù October 2020, ẹṣin 4 tí Aidan O'Brien ará Ireland ń tọ́ kò lè sá eré ńlá Arc ní Paris. Oògùn zilpaterol, tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fún màlúù kí ẹran ara rẹ̀ lè pọ̀, ti bọ́ sínú oúnjẹ wọn. Omi ìrèké dúdú tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ ẹṣin dùn ni wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé. Bí oògùn yìí bá pọ̀ lára ẹṣin, òógùn a bò ó, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù kíkankíkan.

Kòkó tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èròjà kan tí à ń pè ní theobromine wà nínú èèpo rẹ̀. Ọmọ ìyá kan ni òun àti kaféènì inú kọfí, tíì àti obì. Bí èèpo yìí bá dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ ẹṣin, tàbí tí olùtọ́jú rẹ̀ fún un ní ṣokoléètì, ìtọ̀ rẹ̀ yóò tú àṣírí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí olùtọ́jú tí ń lo oògùn bá tọ̀ sórí koríko tí ẹṣin ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ti ife kọ́ ni ó burú jù. Wọ́n máa ń po monensin mọ́ oúnjẹ adìẹ nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Miligíráàmù 2 sí 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ẹṣin tó láti pa á. Ti adìẹ tó nǹkan bí 200. Iṣan ọkàn ẹṣin ni ó ń bàjẹ́, kò sì sí oògùn tí ń rọ̀ ọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìwọ̀n ni ó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹni tí ó ń sin ẹṣin, kí ó má ṣe fún un ní oúnjẹ adìẹ láéláé. Kí ó sì fọ ọwọ́ bí ó bá ti fọwọ́ kan oògùn.

2. Ẹ má ṣe fi àpò oúnjẹ adìẹ kó gààrí tàbí èlùbọ́, ẹ má sì ṣe fi agolo kan náà bu méjèèjì.

3. Ìyá ọlọ́mọ, oògùn tí ẹ bá lò lè gba inú omi ọmú dé ara ọmọ. Ẹ béèrè kí ẹ tó lò ó.

4. Bí ẹ bá wá gba oògùn, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún wa, títí kan àgbo. A kò ní bá yín wí. Ohun tí ẹ fi pa mọ́ fún wa ni kì í jẹ́ kí a mọ èyí tí yóò bá a jà nínú ara yín.

Ẹṣin kò lè sọ ohun tí ó jẹ. Ẹ̀yin lè sọ ọ́. Ẹ máa sọ ọ́.