ÒṢÙWỌ̀N ÌPÍN-ALÁÌSÀN-SÍPELE FÚN IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ: ÀPẸẸRẸ LÁTI FINLAND

Ogún aláìsàn lè wà nínú wọ́ọ̀dù lónìí, kí ogún mìíràn wà níbẹ̀ lọ́la, síbẹ̀ kí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ méjèèjì má dọ́gba rárá. Ẹni tí ó lè dìde lọ wẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ní láti máa yí padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lára. Kíka orí nìkan kò tó fún ẹni tí yóò pín nọ́ọ̀sì sẹ́nu iṣẹ́. Àìtó yìí ni ó bí òṣùwọ̀n ìpín-aláìsàn-sípele, èyí tí ń wọn ìtọ́jú tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan nílò, tí kì í kan ń wo bí àrùn rẹ̀ ti le tó.

Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Oulu, ní Finland, ní àwọn ọdún 1990. Abala mẹ́fà ni ó ní: ètò ìtọ́jú, mímí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ àti àmì àìsàn, oúnjẹ àti oògùn, ìmọ́tótó ara àti ìgbọ̀nsẹ̀, ìrìn, oorun àti ìsinmi, ìkọ́ni àti ìtùnú ọkàn. Máàkì 1 sí 4 ni nọ́ọ̀sì ń fún abala kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àpapọ̀ kì í dín ní 6, kì í sì í ju 24 lọ. Abala tó kẹ́yìn yẹ fún àkíyèsí. Ìtùnú ọkàn ń gba àkókò bí abẹ́rẹ́ ti ń gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ kì í kà á sí iṣẹ́.

Fífi ìdí òṣùwọ̀n múlẹ̀ ṣòro ju ṣíṣe é lọ. Bí nọ́ọ̀sì méjì bá wo aláìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé máàkì kan náà ni wọn yóò fún un? Olùkọ́ tí ó ti bá ẹlòmíràn máàkì ìdánwò àròkọ mọ ìṣòro yìí dunjú. Nínú ètò RAFAELA, tí ó ń lo òṣùwọ̀n Oulu, ìfohùnṣọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ tó ìdá 70 nínú 100, ó kéré tán.

Ìbéèrè kejì ni bóyá iye máàkì bá iṣẹ́ gidi mu. Ọ̀nà tí Lisbeth Fagerström, Auvo Rauhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbà dáhùn rẹ̀ ni PAONCIL. Bí iṣẹ́ bá parí, nọ́ọ̀sì yóò fi nọ́ńbà láàárín -3 àti +3 sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti rí. Òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ṣe déédéé. Wọn yóò wá fi ìdáhùn wọ̀nyí wé iye máàkì tó kan nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, títí wọn yóò fi rí ìwọ̀n tó bá wọ́ọ̀dù náà gan-an mu. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àléébù kan wà nínú ọ̀nà yìí ṣá: ẹni tí iṣẹ́ àṣekúdórógbó ti mọ́ lára lè pe àpọ̀jù ní déédéé.

Síbẹ̀, ìwọ̀n náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2018, láti wọ́ọ̀dù 36 nínú ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Finland, fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ bá ju ìwọ̀n yìí lọ, ìjàǹbá tí ń bá aláìsàn máa ń pọ̀ sí i, ikú náà sì máa ń pọ̀ sí i. Ìwádìí náà kò sọ pé àpọ̀jù iṣẹ́ nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n kò sí alábòójútó tí ó lè fojú fò ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mú irú òṣùwọ̀n báyìí wọ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà kò lè túmọ̀ rẹ̀ kí ó sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìyàwó tàbí ọmọ aláìsàn ti ń wẹ̀ ẹ́, tí ó tún ń sáré oògùn, máàkì abala ìmọ́tótó kò lè dúró fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan mọ́.