Rírí Ìlà Ẹ̀yà Kí A Tó Fi Í Sílẹ̀: Iṣẹ́ Mákírò Nínú Ètò Ìyàwòrán

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ayàwòrán fi lè rí ìlà ẹ̀yà kan lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó fi í sí ipò rẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé mákírò ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. AutoCAD ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé AutoLISP, èdè tí a fi ń kọ mákírò rẹ̀, ti wà láti ọdún 1986. Mákírò ni a ń pe àkójọ àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a sọ ní orúkọ, tí a sì lè fi orúkọ náà pè nígbàkúùgbà. Ẹ̀yà ni a ó máa pe ohun tí a yà lẹ́ẹ̀kan tí a ń lò níbi púpọ̀: ìlẹ̀kùn, fèrèsé, àga, àwo ìfọwọ́. AutoCAD fúnra rẹ̀ ń pè é ní búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n nínú bébà tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ògiri, orúkọ náà lè kó ìdàrúdàpọ̀ bá wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 900, tí a fẹ́ fi sínú ògiri tí ó nípọn ní mílímítà 225, ìyẹn ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tí a ń mọ káàkiri ilẹ̀ wa, lè gba ọ̀nà mẹ́rin dúró. Híńjì rẹ̀ lè wà lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún. Ó sì lè ṣí sínú yàrá tàbí síta. Ayàwòrán tí kò rí nǹkan kan ju àmì atọ́ka lọ títí ó fi tẹ máòsì, ń méfò ni. Bí ó bá ṣì í, yóò pa á rẹ́, yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀. Èyí kò ṣòro nínú ilé oníyàrá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú pláànù ilé ìwòsàn tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ lé ní igba, ojú yóò rẹ ayàwòrán, ọ̀kan tàbí méjì yóò sì yọ́ kọjá. Férémù tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kàn gẹ́gẹ́ bí pláànù ti wí ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí náà.

Ètò ìyàwòrán kò bá ìṣòro yìí wá sáyé. Nínú Sketchpad, èyí tí Ivan Sutherland gbé kalẹ̀ ní MIT ní 1963 lórí kọ̀ǹpútà TX-2, bí ayàwòrán bá ti tọ́ka sí ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ìlà náà á máa nà tẹ̀ lé kálàmù ìmọ́lẹ̀ bí okùn rọ́bà. Bí kálàmù náà bá sì súnmọ́ ojú-àmì kan tí ó ti wà nílẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà pé orí ojú-àmì náà gan-an ni ó wà. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ni ó pọ̀ níbẹ̀: rírí ohun tí ń bọ̀, àti fífà mọ́ ibi tí ó péye. A ó pe ti àkọ́kọ́ ní ìwòṣáájú, a ó sì pe èkejì ní ìfàmọ́. Èrò tiwa ni pé mákírò tí ó bá tìtorí ọ̀kan sọ èkejì nù kò ṣe ayàwòrán lóore.

Mákírò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ kọ ń fi getpoint bèèrè ojú-àmì; lẹ́yìn náà ni yóò wá fi command pe àṣẹ INSERT. Kò sí ìwòṣáájú kankan níbẹ̀, nítorí pé nígbà tí ayàwòrán ń wá ojú-àmì, AutoCAD kò tíì gbọ́ orúkọ ìlẹ̀kùn rárá. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a yí ètò àṣẹ padà: kí a kọ́kọ́ pe INSERT, kí a dárúkọ ẹ̀yà, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà pause sí ibi tí ojú-àmì yẹ kí ó wà. Mákírò yóò dúró, ìlẹ̀kùn yóò sì máa bá atọ́ka rìn, bí iye DRAGMODE bá ṣáà ti jẹ́ 2. Ìfàmọ́ kò ní sọnù.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀, ṣá. Lẹ́yìn tí ojú-àmì bá ti wọlé ni INSERT máa ń bèèrè ìwọ̀n àti yíyí. Nítorí náà, ìlẹ̀kùn tí ń bá atọ́ka rìn wà ní ìwọ̀n 1 àti yíyí 0, yálà bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nígbẹ̀yìn tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwòṣáájú tí ń purọ́ burú ju àìsí ìwòṣáájú lọ, nítorí pé ẹni tí kò rí nǹkan yóò padà wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà pé òun ti rí i kò ní padà wò mọ́. Ohun tí a ó ṣe ni kí mákírò sọ ìwọ̀n àti yíyí ṣáájú pause: X àti Y fún ìwọ̀n, R fún yíyí. X tí iye rẹ̀ jẹ́ -1 yóò gbé híńjì láti òsì lọ sí ọ̀tún bí ìgbà tí a wo dígí. Bí a bá so ó pọ̀ mọ́ yíyí 0 tàbí 180, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé.

Kí ni ó wá dé tí àwọn kan ń fi èyí sílẹ̀ lọ lo grread? Ìdí kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé mákírò kò lè ṣe ohunkóhun níwọ̀n ìgbà tí pause bá dá a dúró. Ní ti grread, gbogbo ìgbà ni ó ń jíṣẹ́. Bí máòsì bá rìn, yóò dá 5 padà pẹ̀lú ojú-àmì tí ó dé. Bí a bá tẹ máòsì, 3. Bí a bá tẹ bọ́tìnì lẹ́tà, 2. Mákírò lè tipa báyìí jẹ́ kí bọ́tìnì Tab máa yí ìlẹ̀kùn láti ọ̀nà kan sí òmíràn kí ayàwòrán tó fi í sílẹ̀. Grdraw ni a fi ń ya ìlà rẹ̀. Bí a bá fi -1 ṣe àwọ̀, yóò yí àwọ̀ gbogbo ibi tí ìlà gbà kọjá sí òdì. Bí a bá tún un yà sí ibẹ̀ kan náà, òdì òdì á di ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀, ìlà á sì pòórá láìba ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọgbọ́n yìí rọrùn, ó sì dára, àmọ́ àwọ̀ eérú lè bà á jẹ́: òdì 128 nínú 255 ni 127, kò sì sí ojú tí yóò rí ìyàtọ̀ wọn.

Ìlà tààrà nìkan ni grdraw mọ̀ ọ́n yà. Ipa ọ̀nà ìlẹ̀kùn tí ń ṣí jẹ́ ìdámẹ́rin òbìrìkìtì. Bí a bá fi ìlà tààrà 6 dípò rẹ̀ fún ìlẹ̀kùn mílímítà 900, ibi tí wọ́n fi yàtọ̀ jù kò tó mílímítà 8, ìyẹn sì tó fún ìwòṣáájú. Àwọn kan máa ń ya àpótí lásán láti dín iṣẹ́ kù. Fún àga, àpótí tó. Fún ìlẹ̀kùn kò tó, nítorí pé apá tí ìlẹ̀kùn ń ṣí sí gan-an ni ó yẹ kí a rí.

Gbèsè tí ó wà nídìí grread ni pé kò mọ ìfàmọ́. Atọ́ka lè dé ẹ̀gbẹ́ igun ihò ògiri, kí ìlà dàbí ẹni pé ó bá a mu, kí ó sì jẹ́ pé ó fi mílímítà mélòó kan yẹ̀. Ẹni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ máa gbé ojú-àmì kọ̀ọ̀kan fún osnap. Bí osnap bá dá ojú-àmì padà, òun ni kí a fi ya ìlà, òun náà ni kí a sì fi sí àwòrán. Àwọn mìíràn kò ya ìlà rárá. Wọ́n á fi ìlẹ̀kùn gidi sínú àwòrán, wọ́n á sì máa fi entmod sún un kiri. Ó péye lójú. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá tẹ Esc láàrin iṣẹ́, tí mákírò kò sì ní iṣẹ́ *error* tí yóò pa á rẹ́, ìlẹ̀kùn náà yóò dúró síbẹ̀. Nígbà tí a bá ka ìlẹ̀kùn láti fi ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà, 12 yóò di 13.

EntityJig ti AutoCAD fún .NET kó méjèèjì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Sketchpad ti ṣe. AcquirePoint ń wá ojú-àmì pẹ̀lú ìfàmọ́, ẹ̀yà tí a ń wò kò sì tíì wọ inú àwòrán, nítorí náà Esc kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Owó orí rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀: nígbà tí AutoCAD 2025 kó lọ sí .NET 8, ó di dandan láti tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe. AutoLISP kò ní wàhálà yẹn, ó sì ti wọ inú AutoCAD LT pẹ̀lú láti ẹ̀dà 2024. Fún ayàwòrán tí ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, pause tí a ti sọ ìwọ̀n àti yíyí ṣáájú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dábàá. Ọ́fíìsì tí ó ní ẹni tí ń kọ ètò lè lọ sí EntityJig.