Ìwé Àtijọ́ Tí Ó Wà Nínú Àpótí Bàbá Yín



Ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi tí a ti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù, a ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ewé ìwé ni ó fi dì í fún wa. Epo ti rin ín, síbẹ̀ a rí i pé ìwé Yorùbá ni, ìwé àtijọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, tí bébà rẹ̀ sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ní etí rẹ̀, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ọmọ kan àti ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún un. A bi ìyá náà léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó ní àwọn ọmọ olóògbé kan ni ó ta àpótí ìwé bàbá wọn fún òun. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn àgbàdo. A jẹ àkàrà náà, nítorí ebi ń pa wá, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ọ̀fun wa lọ dáadáa.

A kò bá àwọn ọmọ náà jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ohun tí ó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dárúkọ ìwé mélòó kan tí ẹ lè bá níbẹ̀, tàbí tí ẹ lè yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ìwé àdúrà àti ìwé orin, ẹ ti mọ ìwọ̀nyẹn. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí ó dàgbà jù. Ní 1883, Fadá Pierre Bouche, ọ̀kan nínú àwọn Fadá ajíhìnrere tí ó ṣiṣẹ́ ní etíkun wa láyé ìjelòó, tẹ ìwé kan jáde ní Paris tí ó pè ní Les Noirs peints par eux-mêmes. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwa aláwọ̀ dúdú ni a fi ẹnu ara wa sọ bí a ti rí. Òwe Nàgó ni ó kó jọ sínú rẹ̀, ó sì túmọ̀ wọn sí èdè Faransé. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Àgbàlagbà kan jókòó, ó pa òwe. Òyìnbó tí ó ń kọ́ èdè wa dẹtí sílẹ̀, ó kọ ọ́. Nítorí ìyẹn ni a fi lè mọ̀ lónìí irú òwe tí àwọn baba ńlá wa ń pa kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó wọ Àgbómẹ̀ ní 1892.

Ní 1885, Fadá yìí kan náà tún kọ ìwé ńlá kan, Sept ans en Afrique occidentale, nípa ọdún méje tí ó lò lọ́dọ̀ wa. A ní láti sọ òtítọ́: ẹni tí ó bá ka ìyẹn, inú yóò bí i níbòmíràn. Bí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ìgbà náà, Fadá Bouche fẹ́ràn èdè wa ju bí ó ti fẹ́ràn ìṣe wa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jẹ ẹja, a máa ń yọ egungun rẹ̀ sí apá kan; a kì í torí egungun da ọbẹ̀ nù.

Àwọn Fadá mìíràn sì dé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ojú mìíràn wò wá. Fadá Francis Aupiais, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àjàṣẹ́ ṣì ń dárúkọ rẹ̀, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní 1925, La Reconnaissance africaine. Kò pẹ́ láyé, nítorí ní 1927 ó ti dáwọ́ dúró. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní kálàmù, pé kí wọ́n fúnra wọn kọ nípa ìṣe àwọn baba wọn. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí alákàrà rí i.

Paul Hazoumé wà lára àwọn tí ó kọ̀wé sínú rẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, wọ́n bí i ní 1890, olùkọ́ sì ni. Ní 1938 ó tẹ Doguicimi jáde, ìtàn gígùn kan ní èdè Faransé, nípa ààfin Àgbómẹ̀ láyé ọba Gẹ̀zò. Orúkọ obìnrin ni Doguicimi. Ogun kó ọkọ rẹ̀, ọmọ ọba, lọ sọ́dọ̀ àwọn Máhì, kò sì padà mọ́. Wọ́n fi ọrọ̀ fa obìnrin yìí, wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́, ọmọ ọba tí yóò jọba lọ́la ń fẹ́ ẹ, kò gbà. Ó bú ọba lójú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ohun tí ó kù lára ọkọ rẹ̀ dé nígbẹ̀yìn, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sin òun láàyè pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà ga lójú ẹni tí Faransé rẹ̀ kò jinlẹ̀, àwọn ojú-ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń falẹ̀ nítorí pé ètò ààfin ni ó ń tò sílẹ̀. Kí ẹ fara dà á. Nígbà tí a kà á pẹ̀lú àwọn tọkọtaya kan, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Àwọn bàbá ní aya rere nìyẹn. Ìyá kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tí yóò bá ìyàwó rẹ̀ wọ sàréè?” Gbogbo ilé dákẹ́. Àwa gbà pé òtítọ́ obìnrin náà sí ọkọ rẹ̀ yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí, kò sì sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ fún òkú. Ẹ lè máà gbà pẹ̀lú wa. Ẹ sáà kà á. Ọmọ Kétu kò ní rí ìlú rẹ̀ lójú ọ̀nà ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn àgbà ti sọ fún bí ogun Dàhọ̀mì ṣe pa Kétu run ní 1886 yóò mọ irú ààfin tí ogun náà ti jáde wá.

Ní ti Kétu fúnra rẹ̀, Geoffrey Parrinder, pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kí ó tó lọ kọ́ni ní Ìbàdàn, kọ The Story of Ketu ní 1956. Ìwé kékeré ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ̀yin ará Kétu mọ̀ pé lẹ́nu Bàbá Ẹlẹ́gùn ni ìtàn àwọn ọba yín ti ń jáde bí a bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ. Ẹnu dára. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tí ó wà ní Kútọnu tàbí ní Lomé kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìwé The History of the Yorubas ti Samuel Johnson ni ó jẹ́ ká mọ bí ìwé ṣe ń sọnù. Pásítọ̀ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni Johnson. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí ó jẹ́ dókítà, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun nítorí ogun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí a tó gbúròó ìwé náà. Ní 1921 ni ó jáde. Obadiah pàápàá ti kú lọ́dún kan ṣáájú. Ọ̀yọ́ ni Johnson gbé ga jù, ọ̀rọ̀ yín kò gùn nínú rẹ̀, ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka Alákétu àti Oníṣábẹ̀ mọ́ àwọn ọba méje ìṣáájú.

Bí ẹ bá ní ọmọ nílé, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni kí ẹ wá, ti D. O. Fagunwa, 1938. Ọdẹ àgbà kan ni ó tọ akọ̀wé wá, pé kí ó mú kálàmù, kí ó kọ ìrìn àjò òun sílẹ̀ kí òun tó kú. Àwọn òbí kan ti sọ fún wa pé ìwé iwin ni, kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Onígbàgbọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, orúkọ Ọlọ́run sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju orúkọ iwin lọ. Bí ó bá tilẹ̀ ní àléébù, àpọ̀jù ìwàásù ni, àwa katikíìsì kọ́ ni yóò sì bá a wí fún ìyẹn. Ẹ kà á sókè lálẹ́. Ojú kì í fò ó bí etí ṣe ń gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá bá Aláwìyé ti J. F. Ọdúnjọ níbẹ̀, ẹ fi kọ́ ọmọ yín ní Yorùbá kíkà, nítorí Faransé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè kà. Olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ni Ọdúnjọ. Eré rẹ̀, Agbàlọ́wọ́méèrì Baálẹ̀ Jòǹtolo, 1958, yóò pa yín lẹ́rìn-ín. L'Esclave ti Félix Couchoro, 1929, kì í ṣe ti ọmọdé: ìtàn ẹrú tí a rà wọ ìdílé ni, àti ìlara àti ikú tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ Ouidah ni Couchoro, ṣùgbọ́n Togo ni ó ti lo ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ayé rẹ̀, ó sì kọ ọ̀pọ̀ ìtàn sínú ìwé ìròyìn Togo-Presse, díẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó kú ní 1968, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì di ìwé. Nítorí náà, kí ẹ wo inú ìdì ìwé ìròyìn àtijọ́ pẹ̀lú kí ẹ tó fi dáná.

Ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ tí ó wà nínú yàrá katikísìmù kò ní ojú-ìwé méjìlá àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ní odidi rẹ̀ nílé, kí ó jọ̀ọ́ gbé e wá fún wa lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú; a ó ṣe ẹ̀dà àwọn ojú-ìwé náà, a ó sì dá ìwé padà fún un. A ti padà lọ bá ìyá alákàrà. Àpótí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ra ohun tí ó ṣẹ́kù. Ewé tí orúkọ ọmọ náà wà ní etí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, a ti fi ìyẹ̀fun nu epo rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí pé bàbá òun a máa fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ̀ sí etí ìwé, kí ó wá wò ó.