Láti Inú Àlòkù: Bí W.Afate Ṣe Dáyé ní Djidjolé

Ní ọdún 2013, ará Tógò kan, Kodjo Afate Gnikou, to ẹ̀rọ 3D printer pọ̀ ní Djidjolé, ní ìlú Lomé. Irin tí orí ẹ̀rọ náà ń rìn lé àti bẹ́líìtì tó ń fà á, ara skánà tó ti bàjẹ́ ló ti tú wọn. Àpótí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù náà wọ inú iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwọ̀nba ohun tí kò rí nínú àlòkù ló rà ní titun, ìnáwó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100 dọ́là. W.Afate ló pè é.

WoeLab lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi ìkọ́ṣẹ́ tí ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ládùúgbò náà ní 2012. Ìmọ̀ jọ́gíráfì ni Afate kà, kì í ṣe ti iná mànàmáná. Ìgbà tí ẹ̀rọ Prusa Mendel dé WoeLab, tí wọ́n ń tò ó, lojú rẹ̀ là sí iṣẹ́ yìí.

Àmọ́ àlòkù kì í mú ìwé dání. Mọ́tò skánà lè ní wáyà mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó kọ iṣẹ́ wọn sí i lára. Mítà àwọn oníṣẹ́ rédíò ló ń tú àṣírí wọn: wọ́n á fi ẹnu mítà kan wáyà méjì. Bí iye ohm (ìwọ̀n ìdènà sí iná) kékeré bá yọ, kọ́ìlì kan náà ni wọ́n. Bí kò bá yọ, wọn ò tan. Tí wọ́n bá so wọ́n gbòdì, mọ́tò á kàn máa gbọ̀n lójú kan. Tí wọ́n bá so wọ́n re, mágínẹ́ẹ̀tì tí iná ń dá sínú kọ́ìlì á máa tì í ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú mọ́tò yìí ń gbé ìṣísẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnu ẹ̀rọ náà, tó ń yọ́ ike tí ó fi ń tẹ nǹkan jáde, tún ń fẹ́ ìwọ̀n, torí nǹkan bí 200°C ni ike PLA ń fẹ́. Bí ooru ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdènà tí thermistor, ohun tó ń wọn ooru, ń ṣe sí iná ń dín kù. Ẹ̀rọ á ka ìyàtọ̀ náà, á sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá ooru dúró.

Àwọn èèyàn dáwó tó lé ní 4,000 yúrò fún iṣẹ́ náà lórí ìkànnì ìdáwójọ Ulule. Lọ́dún 2013 kan náà, àbá W.Afate to Mars gbayì nínú ìdíje Space Apps ti NASA ní Paris.

Àlòkù ti kún Lomé tipẹ́. Ohun tí WoeLab fi kún un ni ibi tí onímọ̀ jọ́gíráfì ti lè bá wọn to ẹ̀rọ, kó sì bèèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́.