Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń ya aláìsàn ibà Lassa sọ́tọ̀

Inú máa ń bí ọ̀pọ̀ ẹbí bí nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n má wọlé tọ èèyàn wọn tó ní ibà Lassa. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ẹrìjìyàn-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, kì í ṣe ìkà o.

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, ló kó o ní ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ ní ọgbẹ́ kékeré níka ọwọ́ nígbà tó ń nu ẹnu aláìsàn náà. Òun náà kú. Lily Pinneo, tó tọ́jú Shaw, kó o, àmọ́ orí kó o yọ.

Èkúté ló ń gbé àrùn náà kiri, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti èébì aláìsàn lè kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, tó sì ń fọwọ́ kó tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tó bá kàn án tán.

Àwa ará ilé ńkọ́? Ẹ má fi ọwọ́ lásán fọ aṣọ tí aláìsàn bì sí. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì rẹ̀, ẹ má fi bò, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Àìsàn náà lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 21 kó tó hàn. Ibà tí oògùn ibà lásán ò bá sì ran, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.