Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ojú wo la fi ń wo ẹni tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́?

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, àti Peugeot 504 ní Kàdúná. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí nígbà náà, àdúgbò á bá a yọ̀.

Lónìí ńkọ́? Ojú mẹ́ta la fi ń wo ẹni tó ṣì ń wà á:

🚗 Bí ọ̀dà bá ti ṣí, a ó ní "Owó ò sí lọ́wọ́ bàbá yìí."
🚗 Bá a bá mọ̀ pé ó lówó, a ó ní "Ahun ni!"
🚗 Bí ọkọ̀ bá ń dán gbinrin, a ó sáré yọ fóònù, a ó ní "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò!"

Ọkọ̀ kan náà o! Ọ̀dà ló yàtọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé: Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn tí wọ́n tò nígbà náà kò sì ní kọ̀ǹpútà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò, nítorí náà wíwá páàtì rẹ̀ gba owó àti sùúrù. Kì í ṣe àìlówó ló ń mú gbogbo àwọn tó ní Ìjàpá wà á.

Àwọn kan tiẹ̀ ń bu iyì fún ọkọ̀ àtijọ́: ní Jámánì, ọkọ̀ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí ara rẹ̀ ṣì dá lè gba nọ́ńbà pàtàkì tó ní lẹ́tà H.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọkọ̀ wo ni wọ́n kọ́kọ́ rà nílé yín? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀. 👇🏾