Àmì Funfun Lórí Tábìlì
Bí a bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná tàbí ife omi tútù ka orí tábìlì tí a fi fáníìṣì kùn, àmì funfun a máa yọ níbẹ̀. Ọ̀rinrin ni ó há sínú fáníìṣì. Kò tí ì dé ara igi. Kí onílé fi òróró díẹ̀ ra ojú rẹ̀ ní alẹ́, kí ó nù ún kúrò ní òwúrọ̀. Bí kò bá tán, kí ó po eérú kíkúnná mọ́ òróró, kí ó fi ra ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìlà igi ti lọ, kí ó sì nù ún. Ṣùgbọ́n bí àmì bá dúdú, omi ti wọ inú igi; gbẹ́nàgbẹ́nà ni yóò ha á, tí yóò sì tún un kùn. Aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ ìkòkò kò wọ́n tó fáníìṣì tuntun.